Ọkùnrin Tí Wọ́n Ń Bá Kọ Ebè

Ọkùnrin kan wà tí ó mọ ebè í kọ. Àgbẹ̀ ni, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ló jọ ń ṣe àáró. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, gbogbo wọn á kó ọkọ́ lọ sóko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san iṣẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń mọ ẹni tó jẹ́ ọkùnrin láàárín wọn. Ọkùnrin yìí kì í gbẹ̀yìn. Bí ẹ̀rín bá sọ lóko, òun ló sábà máa ń dá a sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, lóko Olúgbòde tó jẹ́ àgbà nínú wọn, wárápá gbé e ṣánlẹ̀ sáàárín ebè. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù sá. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ pé itọ́ ẹni tí wárápá gbé máa ń ran èèyàn. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tí a bá gbọ́ láti kékeré kì í tètè kúrò lára. Olúgbòde nìkan ló dúró. Ó gbé ọkọ́ kúrò nítòsí rẹ̀, ó yí i fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kò ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì jókòó tì í títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́, ó sì ń lò ó. Oògùn náà ṣiṣẹ́. Wárápá tó ti fẹ́ sọ ara rẹ̀ di àlejò ojoojúmọ́ wá ń pẹ́ kó tó yọjú, ṣùgbọ́n kò lọ pátápátá.

Nígbà tí àkókò ebè tún dé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bá a nílé. Ojú ń ti àwọn tó sá, wọ́n sì fẹ́ fi oore bo ìtìjú mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kó má fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́, àwọn ni yóò máa kọ ebè tirẹ̀ fún un. Kó ṣáà máa bá wọn lọ sóko, kó máa wò wọ́n. Wọ́n tilẹ̀ gbé àga àfẹ̀yìntì kan lọ sábẹ́ igi máńgòrò nítorí rẹ̀. Ta ló ti rí àgbẹ̀ tó ní àga lóko rí?

Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó sì dúpẹ́ dénú. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òun kò sì fẹ́ fìwà jọ ọlọ́ṣà. Nítorí náà, nígbàkígbà tó bá fẹ́ sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n dìde," ó máa ń gbé e mì, á ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni." Bákan náà ló rí nílé. Àwọn ọmọ ń bá a pọn omi ìwẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́ kó gbé abọ́ tó fi jẹun. Á jí, á lo oògùn, á jókòó. Ara rẹ̀ wúwo. Oorun kì í kùn ún lóru, nítorí kò sí ohun tó rẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án. Ẹ̀rù nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, á máa ro ìgbà tí yóò tún ṣubú. Wárápá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́lé.

Èyí tó dùn ún jù lọ ni ti àáró. Ẹni tí kò lè fi iṣẹ́ san iṣẹ́, àlejò ni lóko ara rẹ̀. Ó ń rí i pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn kò ní ka òun mọ́ ara wọn mọ́, àánú nìkan ni wọn yóò sì máa ṣe fún òun.

Nígbà tó padà sí ọsibítù, dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́?"

"Mò ń jókòó ni, mà."

"Oògùn ni mo fún yín. Ta ló fún yín ní àga?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rín in gbẹ̀yìn. Dókítà ṣàlàyé fún un pé oògùn ni olórí ìtọ́jú, kò sì gbọdọ̀ pa á jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe eré ìdárayá níwọ̀ntúnwọ̀nsì máa ń sùn dáadáa, ọkàn rẹ̀ a sì fúyẹ́, èyí sì máa ń ran ọ̀pọ̀ ẹni tó ní wárápá lọ́wọ́. Kó fi ìrìn bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan máa bá a rìn. Bí ara bá ti ń gbà á, kó máa fọwọ́ kan ọkọ́ díẹ̀díẹ̀. Kó má gun ọ̀pẹ, kó má dá wọ odò, kó má sì fi ebi ṣiṣẹ́ nínú oòrùn.

Ó ròyìn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ṣé kí ayé lè sọ pé àwa la pa ọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ kò bá wọn jiyàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wé gèlè, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Mórádéùn, ẹ dìde, ẹ jẹ́ á lọ."

"Níbo?"

"Ibi tí dókítà ní ká máa lọ."

"Kò dárúkọ ibì kankan."

"Ibẹ̀ náà ni."

Bẹ́ẹ̀ ni tọkọtaya bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láràárọ̀. Wọn kò ru ẹrù, wọn kò mú ọkọ́ dání, wọn kò sì kọrí sọ́jà. Ní abúlé yẹn, ẹni tó bá ń rìn báyìí, ọ̀ràn ló ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀. Àwọn èèyàn á kí wọn, wọ́n á ní, "Ṣé kò sí o?" Ìyàwó á ní kò sí. Wọ́n á ní, "Ibo lẹ wá ń lọ?" Á ní, "Ilé là ń lọ," nígbà tó jẹ́ pé wọ́n kẹ́yìn sílé. Àwọn èèyàn fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi sú wọn.

Ara ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ó ń sùn, ó ń jẹun, wárápá sì tún jìnnà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà rí i. Wọ́n ní bó bá wà bẹ́ẹ̀ títí di àkókò ebè tó ń bọ̀, àwọn yóò fún un ní ọkọ́.

Ibí ni ọkùnrin náà ti ṣìnà. Ó rò ó pé ìgbà tí òun ń lo oògùn nìkan, òun ń ṣubú. Ìgbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó dáwọ́ dúró. Ó ní ẹsẹ̀ òun ló wo òun sàn nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ẹní, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ rárá, wárápá gbé e lójú ọ̀nà lọ́nà tí kò gbà gbé e rí. Iwájú orí rẹ̀ gbá òkúta. Ìyàwó rẹ̀ ké, Olúgbòde sáré dé, ọsibítù ni wọ́n ti rán orí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, ó jẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì. Ìyàwó rẹ̀ sunkún. Olúgbòde ní, "Gbọ́, àbúrò mi. Ká ní èmi nìkan ló ń bá ọ kọ ebè, tí iṣẹ́ ò sì tètè tán. Ẹnì kejì wá dara pọ̀ mọ́ mi, ebè kún oko. Ìwọ wá ní ẹni tó dé kẹ́yìn ló kọ gbogbo rẹ̀, o lé mi lọ sílé. Ṣé o ṣe dáadáa? Oògùn ló kọ́kọ́ dé oko rẹ. Àáró ni ẹsẹ̀ wá bá a ṣe."

Ọkùnrin náà gbà. "Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Mo lé oògùn kúrò lóko. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lé ẹsẹ̀ mi kúrò. Ẹ ṣe mí lóore, mi ò ní gbàgbé láé. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá tún fẹ́ ṣe mí lóore, ẹ má bá mi kọ ebè mi mọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ kọ ọ́."

Olúgbòde wo báńdéèjì orí rẹ̀ títí. Ó ní, "Ó dáa."

Ọkùnrin náà padà sídìí oògùn bí dókítà ṣe là á sílẹ̀, ó sì tún padà sójú ọ̀nà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí àkókò ebè dé, wọ́n fi í sáàárín èèyàn méjì ní òwúrọ̀ tútù. Ebè tó kọ kò pọ̀, ó sì wọ́. Ẹnì kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù. Wárápá tún gbé e lẹ́ẹ̀kan lóko lọ́dún náà. Kò sẹ́ni tó sá. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀, wọ́n sin ín délé kó lọ sinmi, wọ́n sì ní kó máa bọ̀ tí ara bá le. Nígbà tí iṣu ta, ó gbé èyí tó tóbi jù lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì dúpẹ́. Ìdúpẹ́ ti ìgbà yìí kò ní ẹ̀dùn kankan nínú, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dúpẹ́.

Ìwọ tí oògùn wárápá wà lọ́wọ́ rẹ, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Má jẹ́ kí ara tó yá tàn ọ́ kó o ju oògùn nù. Má sì jẹ́ kí ìfẹ́ àwọn ará ilé dè ọ́ mọ́ àga. Bi dókítà rẹ léèrè irú eré ìdárayá tí ara rẹ lè gbà, kó o sì wá ẹni tí yóò máa bá ọ ṣe é. Ìwọ tó ń tọ́jú aláìsàn, má fi àánú gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, dúró tì í kó ṣe é. Ọlọ́run tó fún èèyàn lọ́gbọ́n tó fi po oògùn, òun náà ló dá ẹsẹ̀ mọ́ ọ. Oore méjì ni, a kì í fi ọ̀kan dúpẹ́ èkejì. Gbé oògùn òwúrọ̀ yìí mì, kó o sì dìde.