Káàlì Inú Ìkòkò Àgbàdo

Ọkùnrin kan wà ní abúlé orí òkè kan ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. Ìyàwó rẹ̀ ṣaláìsí, ó sì fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ fún un, ọmọ tí kò tíì tó rán níṣẹ́. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ọmọ yìí débi pé kì í fẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Bí ọmọ bá kọsẹ̀, òkúta ni ó máa ń bá wí. Bí ọmọ bá da omi nù, á ní igbá náà ni kò dúró dáadáa.

Ní ilẹ̀ yẹn, àgbàdo ni oúnjẹ. Àwa ń fi tiwa ṣe ògì àti ẹ̀kọ. Àwọn ń lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n sì ń yan án lórí agbada amọ̀. Tọ̀tíyà ni wọ́n ń pè é. Òun ni wọ́n fi ń ká ẹ̀wà dúdú, òun náà ni wọ́n fi ń jẹ ọbẹ̀ ata. Ilé tí kò bá sí tọ̀tíyà, bí ẹran tilẹ̀ kún àwo, wọn kò ní gbà pé àwọn jẹun níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣàdédé lọ àgbàdo náà. Wọ́n á kọ́kọ́ sè é pẹ̀lú ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n ń rí lára òkúta tí wọ́n fi iná sun. Káàlì ni orúkọ rẹ̀. Ó jọ kán-ún tiwa, ṣùgbọ́n ó mú jù ú lọ.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà ń po káàlì, ó kan ojú ibi tí ọ̀bẹ ti gé e lọ́wọ́. Ó ta á gan-an. Ó dúró, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́, ó sì ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń ṣeré. Ó ní, "Ohun tó ń jó ọwọ́ èmi àgbà, ikùn ọmọ mi ni kí n wá dà á sí?" Ó da gbogbo káàlì ilé rẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Láti ìgbà náà, omi lásán ni ó fi ń se àgbàdo.

Àgbàdo náà ń jinná, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ kò bọ́. Ó lọ̀ ọ́, kò kúnná. Ó tẹ́ ẹ, ó sán. Bí ó bá gbé e sórí agbada, á fọ́ wẹ́wẹ́ bí iyẹ̀pẹ̀. Ó ní àgbàdo ni kò dára, ó lọ gba òmíràn lọ́wọ́ aládùúgbò. Òun náà fọ́. Ọmọ ń ṣa èérún jẹ, kò yó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá ìyàwó rẹ̀ ní abúlé kejì. Màmá náà wá. Ó fọwọ́ kan egungun èjìká ọmọ. Ó ní, "Àna mi, mo mọ̀ pé o ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí kò bá rí oúnjẹ gidi jẹ nílé rẹ, èmi yóò mú un lọ sílé mi."

Ọkùnrin náà gbé ọmọ mọ́ àyà. Ọmọ yìí nìkan ni ó kù fún un.

Màmá wọ ilé ìdáná. Ó mú èérún kan tọ́ wò.

"Káàlì dà?"

"Mo dà á nù, Ìyá. Ó ń jó ni."

"Ta ló sọ fún ọ pé kì í jó?"

Ó tú àpò tí ó gbé wá, ó bu káàlì sínú omi, ó da àgbàdo sí i, ó dáná. Bí ó ti ń hó, ọmọ wá, ó na ọwọ́ sí ìkòkò. Màmá gbá a lọ́wọ́. Ọmọ figbe ta. Ọkùnrin náà fò dìde.

"Ìyá, ọmọ tí kò ní ìyá ni ẹ ń nà yẹn o."

"Ṣé ìkòkò gbígbóná mọ ọmọ tí kò ní ìyá ni?"

Màmá kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó ti fa ọmọ mọ́ra, ó ń fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀, ó ń kọrin sí i létí títí ẹkún fi dá. Ọmọ jókòó sórí itan rẹ̀, kò sì na ọwọ́ sí ìkòkò mọ́.

Wọ́n fi àgbàdo náà sílẹ̀ nínú omi rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Màmá ní, "Ó yá, fọ̀ ọ́." Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́, awọ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Fọ̀ ọ́ sí i." Ó fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́. Màmá fi hóró kan sí i lẹ́nu.

"Ṣé ó ń jó ọ?"

"Rárá, Ìyá."

"Káàlì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó ti bá omi lọ. Ta ló ní kí o fún ọmọ ní káàlì jẹ?"

Ọkùnrin náà lọ̀ ọ́, ó kúnná, ó fà. Ó tẹ́ ẹ, kò sán. Lórí agbada, ó wú sókè bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Ọmọ fi ká ẹ̀wà dúdú àti píà, ó jẹ, ó tún na ọwọ́, ó tún jẹ. Bàbá rẹ̀ ń wò ó, kò mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí màmá di ẹrù rẹ̀, ọkùnrin náà di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Àpò káàlì ni màmá fi lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ rẹ nìyẹn. Má tún da èyí nù o, gbogbo ewéko ẹ̀yìnkùlé rẹ ló ti kú."

Ìwọ ìyá ọmọ tí o jókòó tì mí yìí, ọ̀rọ̀ tìrẹ ni. Ìbáwí ni káàlì. O ń bẹ̀rù pé yóò ta ọmọ. Òótọ́ ni, yóò ta á. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a fi omi lásán sè, lọ́jọ́ tí ayé bá gbé e sórí agbada, fífọ́ ni yóò fọ́. Fi díẹ̀ sí i. Bí o bá sì bá a wí tán, má jẹ́ kí ìbínú náà sùn sí i lára, fọ̀ ọ́ kí omi rẹ̀ mọ́. Àwọn kan mọ káàlì í dà, wọn kò mọ̀ ọ́n fọ̀. Oúnjẹ tiwọn korò. Àná, nígbà tí ọmọ rẹ ju bàtà lu ọmọ ẹlòmíràn, o ní bàtà náà ló yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá tún jù ú lónìí, gbá a lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, nu ojú rẹ̀, gbé e sórí itan, kí ẹ jọ jẹun.