Ilé tí Òkété Rà Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Àlọ́ mi dá lórí Òkété aboyún, tó háyà ihò lọ́wọ́ Òòrẹ̀.

Òòrẹ̀ kìlọ̀ fún un: "Ayálégbé, bí o bá bímọ, má ri ibi ọmọ sínú ilẹ̀ mi o. Ọmọ á dàgbà tán, á ní ilé bàbá òun nìyí!"

Ọ̀rọ̀ náà dun Òkété wọra. Ó lọ ra ihò gbígbẹ kan lọ́wọ́ Alákàn létí odò.

Ìgbín, aládùúgbò rẹ̀, ní, "Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí. Ṣì máa háyà, kí òjò rọ̀, kí o mọ ibi tí omi ń gbà."

Òkété dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ilé pọ̀n, kí lẹ mọ̀ nípa onílé?"

Òkété bí ọmọ mẹ́ta síbẹ̀, ó sì ri ibi wọn mọ́lẹ̀.

Òjò kìíní rin ẹnu ọ̀nà. Èkejì rin ẹní. Òkété bá figbe orin ta, ẹ bá mi gbè é:

"Òjò, jọ̀wọ́ yà fún mi o,
*Tẹ̀ẹ́rẹ́!*
Ọmọ mi ń sùn nílé,
*Tẹ̀ẹ́rẹ́!*"

Òjò kẹta ò yà. Ọmọ méjì ló rí gbé sá gorí òkìtì; omi gbé ẹ̀kẹta lọ.

Alákàn yọjú láti inú omi, inú rẹ̀ ń dùn: "Ìyá Òkété, ilé yín mà wá dára o!"

Ìgbín ní kí wọ́n máa lọ. Òkété tẹjú mọ́ omi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ní ń di ibi ọmọ mọ́ ẹrù?"

Ibẹ̀ ni mo fi Òkété sí, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ jẹ́ ká wọlé.