Apá Tó Wọn Odò

"Apá tó wọn odò ni kó wọn òpó." Ẹ ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àwọn ará etí ọ̀sà rí, àbí? Àmọ́ ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká jọ wa ibẹ̀ wò.

Orí omi ni wọ́n ń kọ́lé sí ní Ẹ̀bútẹ́ Ìyẹ̀yẹ́, lórí òpó tí wọ́n rì mọ́ ẹrẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé á so òkúta mọ́ okùn, á jù ú sómi títí yóò fi kanlẹ̀, á sì ta kókó síbi tí omi dé lára okùn náà. Lẹ́yìn èyí ni yóò na apá rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, tí yóò wọn okùn náà kọjá àyà rẹ̀. Láti orí ìka ọwọ́ kan dé orí ìka ọwọ́ kejì, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní apá kan.

Mosúnmọ́lá ló jókòó sídìí ọkọ̀ lọ́jọ́ tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Oríyọmí, wọn ibi tí wọ́n máa kọ́lé sí. Oríyọmí ga bí igi àgbọn, apá rẹ̀ sì gùn. Bàbá Mosúnmọ́lá ti sọ fún un gbangba pé bí òpó ilé rẹ̀ ò bá tíì dúró kí omi òjò tó kún, Fágbèmí, apẹja tó ti nílé tirẹ̀, lòun máa fi ọmọ òun fún.

"Apá kan," Oríyọmí ń kà, ojú rẹ̀ ò sí lára okùn. "Apá yìí náà ni màá fi gbá ọ mọ́ra."

"Odò ni kó o wọ̀n, má wọn èmi," ni Mosúnmọ́lá dáhùn, ó sì bu omi sí i lójú.

Omi náà jìn ní apá mẹ́rin. Wọ́n fi apá kan kún un fún ẹrẹ̀, apá kan fún òkè omi. Ó di òpó alápá mẹ́fà.

Inú igbó lókè odò ni igi wà, àṣà wọn sì ni pé ẹni tó wọn omi ni yóò lọ gégi.

"Lọ fúnra rẹ, Oríyọmí."

"Kí n má fojú kàn ọ́ fún odidi ọ̀sẹ̀? Ẹ̀mí mi ò gbé e. Màá ránṣẹ́ sí Jẹ́gẹ́dẹ́ agégi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Mosúnmọ́lá wọ egungun.

Atukọ̀ kan fẹnu jíṣẹ́ fún Jẹ́gẹ́dẹ́ pé òpó alápá mẹ́fà ni wọ́n ń fẹ́. Jẹ́gẹ́dẹ́ ò rẹ́nikẹ́ni jẹ. Ó na apá rẹ̀ sára igi, ó kà á pé mẹ́fà, ó gé e. Ṣùgbọ́n èèyàn kúkúrú ni. Apá rẹ̀ mẹ́fà ò tó márùn-ún Oríyọmí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa ri òpó, gbogbo ẹ̀bútẹ́ ló wá wòran. Wọ́n ri àkọ́kọ́ mọ́ ẹrẹ̀, omi bo orí rẹ̀. Wọ́n ri èkejì, omi tún bò ó.

"Ṣé ẹja lẹ ń kọ́lé fún ni?" obìnrin kan pariwo látinú ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mosúnmọ́lá ò rẹ́rìn-ín; ojú bàbá rẹ̀ ló ń wò.

Bàbá náà ò gbóhùn sókè. "Oríyọmí, apá tó wọn odò ni kó wọn òpó. Ìwọ tó o rán apá ẹlòmíràn lọ sígbó, ta lo máa rán wá gbá ọmọ mi mọ́ra?"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ fún mi láyè. Mo ń lọ nísinsìnyí."

"Máa lọ. Èmi kọ́ ni mo ni òjò."

Ó lọ lóòótọ́, àmọ́ òjò ṣáájú rẹ̀ dé. Omi kún títí ó fi gun àtẹ̀gùn ilé, bàbá sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Nígbà tí Oríyọmí fi máa tukọ̀ dé, tòun ti òpó tuntun tó so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ìdí ààrò Fágbèmí ni Mosúnmọ́lá wà, ó ń yan ẹja. Ó fojú wọn àwọn òpó náà bí wọ́n ṣe ń léfòó kọjá. Wọ́n gùn tó. Ó yí ẹja tó wà lórí iná padà kó má baà jóná.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ohun tó kan ayé rẹ̀, tó wá fẹ́ fi ìyókù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tàbí tí ọkùnrin bá ń rán ọ̀rẹ́ lọ sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó yẹ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ, àwọn àgbà á wò ó, wọ́n á ní: Apá tó wọn odò ni kó wọn òpó.