Iṣu Kún Yàrá, Ebi Ń Pa Bàbá

Ọkùnrin kan wà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá, tí bàbá rẹ̀ ń dá gbé ní abúlé. Kì í ṣe ọmọ burúkú rárá. Gbogbo ìgbà ni ó ń ra iṣu ránṣẹ́ sí bàbá, tòun ti epo àti ẹja gbígbẹ. Bí ó bá pè é lórí fóònù pé, "Bàbá, ṣé ara le?" bàbá á ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi." Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó wà nílé ọkọ lọ́nà jíjìn, lọ kí bàbá. Ẹkún ló fi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Bàbá ti gbẹ. Ẹ tètè máa bọ̀."

Inú bí ọkùnrin náà. Kí ni òun ò tíì ṣe? Ó wọkọ̀, ó ń kùn títí ó fi délé. Kò tilẹ̀ tíì kí bàbá tó fi lọ ṣí yàrá iṣu. Iṣu ga dé àjà.

"Wá wò ó!" ó pariwo mọ́ àbúrò rẹ̀. "Ṣé ilé ẹni tí ebi ń pa nìyí?"

Àbúrò rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí i pé kò dín ni?"

Ìgbà yẹn ló tó wo bàbá dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ó ń mì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ọwọ́ tí kò lè di ọ̀bẹ mú, báwo ni yóò ṣe bẹ iṣu? Gààrí tútù ni bàbá fi ń gbé ẹ̀mí ró.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"O ń gbìyànjú," ni bàbá wí. "Ṣé kí n tún wá máa ṣàròyé ni?"

Ọkùnrin náà mú ọ̀bẹ. Ó bẹ iṣu, ó sè é, ó rún un mọ́ epo, ó ń fi sí bàbá lẹ́nu. Bàbá ń jẹ, ọmọ ń sunkún. Kò kúrò lábúlé títí ó fi rí opó kan ládùúgbò tó gbà láti máa dáná fún bàbá.

Ìwọ tí a fi ṣe alága ẹgbẹ́ ìlú, ọ̀rọ̀ rẹ ti sú wa. Lọ́dọọdún lò ń ka òrùlé páànù àti àpò ìrẹsì tí o pín, wàá ní ara ti tu ará ìlú. Òṣùwọ̀n wo nìyẹn? Kí èèyàn ní nǹkan, ọ̀tọ̀. Kí ó rí i lò, ọ̀tọ̀. Bí o bá sì bi wọ́n, ojú rẹ ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó dáhùn. Dìde, kó o wọlé tọ̀ wọ́n. Ilé tí o kò bá tíì wo inú ìkòkò rẹ̀, má tún sọ ní ìpàdé pé wọ́n yó.