Ẹni Kẹwàá Wà Lẹ́yìn Ògiri

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó wá ní òun ò tó àgbà ńkọ́?

Ní ìlú àwọn Júù kan, Sébúlúnì tó ń ṣiṣẹ́ awọ kì í wọ ilé àdúrà. Ẹ̀yìn ògiri ló máa ń jókòó sí, á ní òórùn awọ tó wà lára òun kò yẹ níwájú Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí bàbá Áṣérì bí, bàbá náà wá gba àdúrà òkú fún un. Òfin wọn ni pé bí ọkùnrin kò bá pé mẹ́wàá, wọn kì í gba àdúrà náà. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Wọ́n retí ẹnì kan títí ilẹ̀ fi ṣú, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Bí bàbá ṣe yí ẹ̀yìn ilé ló bá Sébúlúnì tó ń sunkún.

"Ìgbà wo lo ti wà níbí?"

"Láti ọ̀sán ni, bàbá. Mo ń bá yín dárò. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi wọlé?"

Bàbá Áṣérì rọra ká aṣọ àdúrà rẹ̀. "Ọmọ mi, Ọlọ́run ò ní ká kó olódodo mẹ́wàá wá. Ọkùnrin mẹ́wàá ló ní."

Sébúlúnì dìde, ó ní òun á wọlé báyìí. Bàbá ṣílẹ̀kùn fún un. Àga nìkan ló kù níbẹ̀.