Ehoro Lẹ́yìn Aṣọ Ìdìbò

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o. Ààlọ̀. Mo búra pé yóò kúrú. Ẹ̀mí àwọn tó wà nínú rẹ̀ náà kò gùn.

Láàárín ogun ńlá méjì, àwọn ẹranko òkè òkun fẹ́ yan aṣòfin. Wọ́n ta aṣọ sí igun kan, kí oníkálùkù lè dìbò ní ìkọ̀kọ̀. Ìkookò tó ń du ipò ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun máa ṣọ́ aṣọ náà.

Ehoro ló ṣe ìkẹta lórí ìlà. Àgùntàn dìbò fún Ìkookò ní gbangba.

“Ìyá Àgùntàn, ẹ ṣeun,” ni àwọn ẹ̀ṣọ́ wí.

Ewúrẹ́ wọ ẹ̀yìn aṣọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ bá dá orin. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló wọ ẹ̀yìn aṣọ?
*Kọ ọ́ sílẹ̀.*
Ilé wo ló ń gbé?
*Kọ ọ́ sílẹ̀.*

Ẹni tí wọ́n bá kọ kì í délé. Ehoro mọ̀, ó sì bímọ méje. Ṣùgbọ́n òfin ní kí á wọ ẹ̀yìn aṣọ, ó wọ̀ ọ́. Níbẹ̀ ni àyà rẹ̀ já, ó dìbò fún Ìkookò.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá yín ni mo dìbò fún.”

“A gbà ọ́ gbọ́, àbúrò. Kí lo wá ń fi pamọ́?”

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìkookò wọlé. A kò rí Ehoro mọ́, a kò sì rí ìdìbò mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, àlọ́ yìí, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo pa á.