Ìmọ̀dòye Ẹgà nínú Igi Oṣè

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin wọ̀nyí, ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi dá gbìrìgbìrì, ó fo Ìjàpá kọjá, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti sú mi. Ó wá dá lórí Ìmọ̀dòye, olùkọ́ àwọn ẹgà, àti Ẹfọ̀n ọba.

Nígbà náà, ẹfọ̀n ló pọ̀ jù nílùú. Gbogbo ilé àwọn ẹgà ò ju orí ọ̀pẹ mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ ìlú náà dó, bàbá ọba ti ṣèlérí fún wọn pé oníkálukú á máa sọ èdè ẹ̀ nílé ẹ̀. Àwọn ẹgà sì ní àṣà kan. Bí ọmọ bá tó fò, bàbá ẹ̀ á dúró, á pe orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lédè ẹgà. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ ò bá pè kì í fò. Á kàn jókòó sínú ìtẹ́ títí apá ẹ̀ á fi rọ.

Ìgbà tí Ẹfọ̀n gorí oyè, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ igbe kẹ́kẹ́kẹ́ àwọn ẹgà mọ́. Ó ní gbogbo ìlú gbọ́dọ̀ máa ké "mùúù" bíi tòun. Ẹ gbà mí o! Ẹyẹ, mùúù! Àwọn ẹgà yòókù dákẹ́, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Ìmọ̀dòye ò dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ẹ̀, Àwẹ̀ró, ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin kan ṣoṣo lẹ́yìn ọdún méje.

Àwẹ̀ró ní, "Baálé mi, ẹ rọra o. Ẹ ò rí ẹyin tó wà nínú ìtẹ́ ni?"

Ó ní, "Ẹyin yẹn gan-an ni mo ń rò. Èdè wo ni kí n fi pè é?"

Ó fò fìrìrì, ó bà lé ẹnu-ọ̀nà ààfin, ó forin sẹ́nu. Ẹ gbè é o, ẹ má jẹ́ kí n dá a kọ:

Ẹfọ̀n ọba, mo kí i yín o,
*Jẹ́ n ké, ẹgà ni mí.*
N ò bá yín du adé orí,
*Jẹ́ n ké, ẹgà ni mí.*
N ò ní ká pín ìlú sí méjì,
*Jẹ́ n ké, ẹgà ni mí.*
Ohun tí bàbá yín wí ni kẹ́ ẹ ṣe,
*Jẹ́ n ké, ẹgà ni mí.*

Lọ́jọ́ kìíní, ọba lé e dànù. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó kọrin, wọ́n fa ìyẹ́ ìrù ẹ̀ tu. Lọ́jọ́ kẹta, bó ṣe ní "Jẹ́ n ké" báyìí, Ìmàdò, wọ́dà ọba, gbá a mú wàì! Ó jù ú sínú ihò igi oṣè, ó so ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ó fẹ́ da ìlú rú. Ẹyẹ tí ò kún ọwọ́!

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọba wá síbẹ̀. Ó ní, "Ké 'mùúù' lẹ́ẹ̀kan péré, kó o máa lọ sílé." Ìmọ̀dòye ò ké e. Wọ́n dín omi ẹ̀ kù.

Oṣù kan kọjá, ọba tún dé. "Ké 'mùúù' lẹ́ẹ̀kan péré." Kò ké e. Wọ́n dín oúnjẹ ẹ̀ kù. Lọ́jọ́ yẹn ni Ìmàdò sọ fún un pé ẹyin ti pa, obìnrin ni, ìyẹ́ ti bò ó, ṣùgbọ́n kò fò.

Nígbà kẹta, ọba ní kí Àwẹ̀ró pọn ọmọ wá. Ìmàdò ti po amọ̀ sílẹ̀.

Ọba ní, "Wo ọmọ rẹ. Ké 'mùúù', kẹ́ ẹ jọ máa lọ sílé. Tó o bá ké kẹ́kẹ́kẹ́, amọ̀ yìí la máa fi dí ihò yìí pa."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ìmọ̀dòye máa rí ọmọ ẹ̀ nìyẹn. Apá ọmọ ti ń rọ. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó wù ú kó lọ sílé. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín, ó wù ú gan-an! Ó wo ojú ìyàwó ẹ̀.

Àwẹ̀ró ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ pè é."

Ìmọ̀dòye pe orúkọ ọmọ ẹ̀ lédè ẹgà. N ò lè bá yín pe orúkọ náà, n kì í ṣe ẹgà. Pàá! Ìmàdò lẹ amọ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Pàá! Ihò kù bíi ojú abẹ́rẹ́. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn ẹ̀ ń jáde tín-ín-rín.

Fìrìrì! Ọmọ fò kúrò lẹ́yìn ìyá ẹ̀, ó bà lé orí ọ̀pẹ. Pàá! Ihò dí.

Àwẹ̀ró dúró sídìí igi oṣè náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ náà la ẹnu lórí ọ̀pẹ, ó pe orúkọ bàbá ẹ̀. Ojú ti àwọn ẹgà tó ti ń dákẹ́. Ọ̀kan gbè é, òmíràn gbè é, gbogbo orí ọ̀pẹ wá ń ké. Ẹfọ̀n dúró nísàlẹ̀, ó ń fi ìwo kan igi gbì, gbì, gbì, kò lè gun ọ̀pẹ.

Títí dòní, ẹ̀ ń sọ pé ẹgà ń pariwo láàárọ̀. Ariwo kọ́ o. Ìmọ̀dòye ni wọ́n ń pè. Kò tíì dáhùn.

Ohun tí àlọ́ mi ń wí ni pé, ẹni tó bá pọ̀ nílùú, kó má fi pípọ̀ ẹ̀ pa ẹni tó kéré lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin náà, bẹ́nì kan bá ń jìyà nítorí yín, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá rẹ́ ihò mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó lanu.

Ibi tí ẹnu mi gbé e dé nìyẹn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó jí ní kùtù ọ̀la, kó lọ sídìí ọ̀pẹ.